Kì í Ṣe Ìdààmú Rẹ Ló Pa Ìyá Rẹ

Ilé wa ní Angwan Rogo, Jos.
Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, òjò ń rọ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ mi,

Ní ọjọ́ kejì tí a sin ìyá rẹ, mo pè ọ́ sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá àmù, mo sì sọ fún ọ pé bí o bá jókòó sílé bí ọmọ gidi ni, ìyá rẹ ì bá wà láàyè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. O kò sunkún. Bàtà rẹ lo ń wò. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, Mọ́rẹ́, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́. Kì í ṣe pé inú bí mi tí ẹnu mi fi ṣì í sọ. Mo ronú sí i kí n tó pè ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ọ jẹun, tí mo ń rán ọ nílé ìwé, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, títí tí mo fi fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́, n kò sì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lọ́jọ́ kan.

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́ fún ọ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi Yorùbá kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé Hausa ló yá ọ lẹ́nu jù. Rọra kà á. Ibi tó bá ṣòro, bi ọkọ rẹ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kó pamọ́ fún un.

Ọkọ rẹ ló kó àìsinmi bá mi. O mọ̀ pé Gbádé ń bọ̀ wá ra ànàmọ́ òyìnbó àti kábéèjì tí ó fẹ́ gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lánàá ni ó wọlé. Mo bi í nípa iṣẹ́ tíṣà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà níbẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ti fẹ́ràn rẹ. Mo bi í nípa oyún, ó ní ó ti hàn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ gbóná lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń gbọ̀n, mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn, ó kọ̀. Ó ní ìdààmú ọkàn lásán ni, pé bí òun bá ti fọkàn balẹ̀, á lọ."

Mo ní kí ló ń dà á láàmú. Ó ní:

"Ó ní ìdààmú ló pa ìyá òun, òun ló sì kó o bá wọn. Ó ní òun ò ní jẹ́ kó pa tinú òun náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ jù, á ní kí n dákẹ́, kí n má kó ìdààmú bá òun."

Mọ́rẹ́, mo dìde nídìí oúnjẹ. Láti àná ni mo ti ń rìn káàkiri ilé. Mo jókòó, mo dìde. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà lọ wo òjò. Ọkọ rẹ wà ní ọjà Laranto báyìí, wọ́n ń di ẹrù sínú lọ́rì, tí òjò bá ti dá, wọn á gbéra. Lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ. Nítorí náà, má retí kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe máa ń kọ́ ọ pé kí o máa tò ó.

Èkínní, kí òjò má baà dá mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé ibẹ̀: lọ́jọ́ tí o bá gba ìwé yìí gan-an, lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n gún ọ níka, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ara rẹ ì báà gbóná, ì báà tutù. Má sọ pé ó ti lọ. Ibà máa ń sá pamọ́, pàápàá lára aboyún. Ó lè lọ farapamọ́ sínú ibi ọmọ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ìka kò ní í tètè fi í hàn. Bí wọn ò bá rí i lẹ́ẹ̀kan, padà lọ. Bí wọ́n bá rí i, lo oògùn tí wọ́n bá fún ọ tán pátápátá, má ṣe lo ìlàjì kí o wá fi ìyókù pamọ́. Mo mọ̀ pé oògùn kíkorò yẹn máa ń yún ọ lára bí ìgbà tí wọ́n da wèrèpè sí ọ. Jẹ́ kó yún ọ. Ní kí Gbádé bá ọ họ ẹ̀yìn.

Bí o bá fẹ́, dìde báyìí, lọ, kí o padà wá ka ìyókù. N kò ní bínú.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí gan-an, nítorí ìdajì rẹ̀ lo mọ̀, ìdajì náà sì jẹ́ ìdajì tí mo yàn fún ọ.

Oṣù Kejìlá tó ṣáájú ikú ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ mú ọ lọ sílé. A wọ rélùwéè láti Jos dé Ọ̀fà, a sì wọ mọ́tò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo agbo ilé bàbá mi jáde wá pàdé wa. O kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi dáadáa, o sì fi Hausa kí i pé, "Ina kwana, Mama." Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wá wo Gàmbàrí tí àbúrò mi bí! Ìwọ, níbo lo so màlúù rẹ mọ́?" Ìwọ náà gbójú sókè, o fi Hausa dá a lóhùn pé o kò ní màlúù kankan. Ẹ̀rín tún bẹ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí. Mo ti wọ kóòtù wá láti Jos, mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo ti di ènìyàn, ọmọ mi kò sì lè kí ìyá mi.

Kí a tó padà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti fi ohùn ṣọ̀kan pé kí o máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ èdè. Ọ̀pọ̀ àwa ará ilé tó ń gbé Jos ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe ọ̀ràn. Ọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé n kò bi ìyá rẹ. Inú ọkọ̀ rélùwéè ni mo ti sọ fún un, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé títí a fi dé Kafanchan.

Ìmọ̀ràn kan wà níbí, mo sì fẹ́ kí Gbádé náà kà á: ẹ má ṣe fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọmọ yín lẹ́yìn ara yín. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e nínú ilé wa, inú ìpinnu tí mo dá ṣe yẹn ló ti jáde.

Mo gbàgbé ẹ̀fọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí ẹní la sùn, kò sí àwọ̀n. Ìyá rẹ ti lóyún nígbà náà, oyún tí a ti ń retí fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́ débi pé apá rẹ̀ wú. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀fọn ilé mọ àlejò. O mọ bí àwa ará Jos ṣe máa ń ṣe. A gbà pé òtútù ìlú wa ti pa gbogbo ẹ̀fọn, pé ibà jẹ́ àìsàn àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ilé dé tí ara rẹ̀ gbóná lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, a ó ní ọyẹ́ ló mú un, pé ara rẹ̀ ti gbàgbé òtútù. Kò sí ẹni tó ń ka ọ̀sẹ̀ náà sẹ́yìn dé orí ẹní tó sùn sí. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ wíwo ẹ̀jẹ̀, tí mo mọ iye ọjọ́ tí kòkòrò náà fi ń pa mọ́ nínú ẹ̀dọ̀ kí ó tó jáde, n kò kà á.

A padà dé. Mo bá oníṣòwò kan tó ń lọ sílé sọ̀rọ̀ pé kí ó gbé ọ lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Ẹtì, o kò ti ilé ìwé dé. O ti gun orí kábéèjì nínú ọkọ̀ Làdí, aládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀fọ́, o sì tẹ̀ lé e lọ sí Du, ìlú wọn. Ìwọ mọ èyí, èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Mo wá ọ yí ká Angwan Rogo. Mo lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè, mo lọ sí Laranto, mo lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ìyá rẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún, àwọn obìnrin àdúgbò di í mú. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ láìsí ìwọ. Ní ọjọ́ Àìkú ni Làdí fà ọ́ lọ́wọ́ wá sílé, pẹ̀lú kábéèjì ńlá kan fún ẹ̀bẹ̀. Mo nà ọ́. Ìyá rẹ tí ì bá gbà ọ́ sílẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ń gbọ̀n.

Àwọn aládùúgbò ní ọyẹ́ ni. Mo ní rárá, mo mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kà nínú ìwé àwọn dókítà pé àwọn nǹkan kékeré méjì kan wà tó jókòó lórí kíndìnrín wa bí fìlà, pé bí ènìyàn bá wà nínú ìpayà, wọ́n á tú họ́mọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ̀nù náà á sì sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ọmọ ogun ara, pé kí wọ́n dẹwọ́. Ìwọ̀nba tí mo kà nìyẹn. Ó tó láti sọ mí di aláṣejù. Mo kó gbogbo ènìyàn kúrò nínú yàrá. Mo pọn tíì gbígbóná fún ìyá rẹ, mo fún un ní oògùn orí fífọ́, mo sì jókòó tì í, mo ń ṣàlàyé fún un pé ìdààmú tí ọmọ rẹ̀ kó bá a ló ti dá ara rẹ̀ dùbúlẹ̀, pé kí ó fọkàn balẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Ara ló ń ro mí."

Mo ní òun kọ́ ló mọ̀.

Láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí wa. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láràárọ̀, mo ń gún àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí níka, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Ní ìrọ̀lẹ́, màá padà wá sọ́dọ̀ ìyàwó mi, màá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, màá sì bá a sọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀. N kò gún un níka. Bí mo bá ronú kàn án báyìí, mo máa ń dìde ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nísinsìnyí náà, òjò ṣì ń rọ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá tirẹ̀ tó ti kú, a gbé e dé ilé ìwòsàn nínú Peugeot ẹnì kan ládùúgbò. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kàn dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ pè mí kí n wá jókòó, kí n wò ó fúnra mi. Kòkòrò ibà kún inú ẹ̀jẹ̀ náà débi pé n kò lè rí ibi tí kò sí. Oyún náà bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń fún un ní oògùn, ó tilẹ̀ jí dáadáa ní ọ̀sán kan, ó bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń béèrè, wọ́n kò ní ibi lọ́kàn: "Ṣé ibà ni? Ìwọ tí o ń yẹ ibà wò?" Mọ́rẹ́, mo wá ibi tí mo lè gbé e kà. Ìwọ lo kéré jù nínú ilé.

Bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ irọ́ nìyẹn, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí o lè ṣọ́ra fún un lẹ́nu ara rẹ: òótọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Họ́mọ̀nù ìpayà wà lóòótọ́. O sá nílé lóòótọ́. Ìyá rẹ sunkún lóòótọ́. Mo kàn so wọ́n pọ̀ ni.

O rántí pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, dókítà kan dé sí láàbù wa, ẹni tí o máa ń pè ní Likita Gígùn, tó ń fún ọ ní súìtì. Ìwádìí tó ń ṣe nìyí: ó fẹ́ mọ ohun tí ibà ń ṣe sí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ń gbọ́ràn sí họ́mọ̀nù ìpayà lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sá fún iṣẹ́ náà, nítorí ó le. Èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi. O máa ń bi mí nígbà náà ìdí tí mo fi ń pẹ́ níbi iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ìjọba ló ní ká ṣe é. Ìdí gan-an ni pé mo ń wá ẹlẹ́rìí. Mo fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sọ fún mi pé ìdààmú lè pa aláìsàn ibà, kí irọ́ mi lè di òótọ́ lẹ́yìn tí mo ti pa á.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti lóye. A ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, a ó yọ sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀, a ó kó wọn sínú ìgò níbi tó gbóná bí ara ènìyàn, a ó fún wọn ní ohun tó máa ń ta wọ́n jí. Wọ́n á jí, wọ́n á máa bí sí i. A ó wá kán họ́mọ̀nù náà díẹ̀ sí ìgò mìíràn. Wọ́n á dẹwọ́, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ní kó jókòó. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Ohun tí a rí kò jọ ohun tí mo ń wá. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, a kán họ́mọ̀nù náà sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Nínú ti àwọn ẹlòmíràn, tí púpọ̀ wọn jẹ́ obìnrin tó wà nínú oyún àkọ́kọ́, díẹ̀ tí a kán sí i mú kí gbogbo wọn dákẹ́ jù bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá wo ibà náà sàn, tí a tún gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, etí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á ti là padà.

Mo bi dókítà náà, mo fi ọgbọ́n bi í, pé ṣé ìdààmú lè wá kó ibà bá ènìyàn, kí ó sì pa á. Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ìdààmú kò ní ìyẹ́ tó fi ń fò, kò sì ní ẹnu tó fi ń gún ènìyàn. Ẹ̀fọn ló gbé kòkòrò wọlé. Kòkòrò ló da ara rú. Ara tó sì dàrú ló ń tú họ́mọ̀nù yẹn jáde fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹni náà ń rẹ́rìn-ín ni." Ó ní ohun tí a rí kò tíì pọ̀, pé kí n má ti orí rẹ̀ sọ ohun tó tóbi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ jókòó sẹ́yìn láàbù títí ilẹ̀ fi ṣú díẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n wá bá ọ. O ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni nígbà náà, o ti gbọ́n tó láti gbọ́. Nígbà tí mo délé, o ti se oúnjẹ, o bu tèmi, o sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Mo jẹun.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìkejì: má rò pé o gbọ́dọ̀ fọkàn balẹ̀ kí ara rẹ tó yá. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, sun ún. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá tún pè ọ́ ní Gàmbàrí, tí inú sì bí ọ, bínú. Ìbínú rẹ kò ní pa ọmọ inú rẹ. Ara tí kò ní kòkòrò nínú mọ bó ṣe ń gbé ìdààmú. Ohun tí kò mọ bó ṣe ń gbé ni ibà tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú, tí a ń pè ní orúkọ mìíràn.

Ìkẹta ni pé Jos ni wọ́n bí ọ sí, Jos lo dàgbà sí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ibà. Àwọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti ń bá wọn jà láti ìgbà tí wọ́n wà lẹ́yìn ìyá wọn, ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ rẹ fi lè gbọ̀n láàárọ̀ kí ó sì lọ sí oko lọ́sàn-án. Má fi ara rẹ wé e. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọ̀lẹ, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Oyún àkọ́kọ́ sì tún wà nílẹ̀. Ara aboyún fúnra rẹ̀ ń pèsè họ́mọ̀nù yẹn sí i, àwọn ọmọ ogun ara á rọ̀ kí wọ́n lè gba ọmọ láàyè, ibà á sì gba ibẹ̀ wọlé. Àní àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ gan-an kì í bọ́ nínú rẹ̀ nígbà oyún àkọ́kọ́. Sùn sábẹ́ àwọ̀n. Bi àwọn nọ́ọ̀sì nípa oògùn tí àwọn aboyún ń lò ní Sunday-Sunday láti dènà ibà, kí o sì máa lò ó bí wọ́n bá ṣe ní kí o lò ó, títí o ó fi bí.

Àwọn kan á wá bá ọ pẹ̀lú oògùn inú páànù ní gáréèjì, wọ́n á ní ó ń mú ara yá, ó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Èmi náà rà á rí fún orúnkún mi. Orúnkún dákẹ́, ojú mi wú, inú mi dùn. Ìgbà tí mo gbé e dé láàbù ni mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ họ́mọ̀nù kan náà tí mo ń sọ yìí, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Kì í wo àìsàn sàn, ó kàn ń pa ara lẹ́nu mọ́ ni. Dókítà tó mọ ìdí rẹ̀ lè fún ènìyàn. Ẹni tó ru páànù kò mọ̀ ọ́n. Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò ti ń fẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ohùn Gbádé ní ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má kánjú, àwọn ṣì ń da tapólì bo ẹrù. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọ dáadáa ni. Má ṣe fi àìsàn pamọ́ fún un mọ́.

Mo ti kọ ohun púpọ̀, n kò sì tíì dé ibi tí mo ń lọ. Ohun kan kù tí kì í ṣe tèmi.

Ṣé o rántí pé Làdí kó kúrò ní àdúgbò wa lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, ó padà sí Du? Mo máa ń pàdé rẹ̀ lọ́jà nígbà mìíràn. Gbogbo ìgbà tí a bá pàdé, bí ó bá ti kí mi tán, á dín ohùn kù, á ní, "Ka gaya mata?" Ṣé mo ti sọ fún ọ. Màá ní, "Tukuna." Kò tíì yá. Ní ọdún tó lọ, ó tún bi mí. Mo ní tukuna. Kò bá mi jà. Ó kàn kó ẹ̀fọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ oníbàárà mìíràn, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ọ̀sán tí ìyá rẹ jí, tí ó bá mi sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn, ohun tó sọ nìyí. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́, ẹ jókòó. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Mọ́rẹ́ sá ni mo ti mọ ibi tó wà. Làdí ránṣẹ́ sí mi láti Du. Èmi ni mo ní kó pa á mọ́ títí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ á fi lọ. Ẹkún tí mo sun lẹ́nu ọ̀nà, nítorí yín ni mo ṣe sun ún, kí ẹ má baà fura. Ọkàn mi balẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àní mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Ọmọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó mọ ọkọ̀ tó yẹ kó gùn. Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀. Ẹ ní n kò dààmú nítorí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan."

Mo ní màá sọ fún ọ. Ó ní, "Ẹ ṣé." Ó sì sùn.

Ìwọ ni ó rán an sí, Mọ́rẹ́. Tìrẹ ni. Gbà á.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.